Kọ̀ǹpútà ilé tí kò wọ́n: ká to tuntun ni, àbí ká ra tòkunbọ̀?

Bàbá Ìdòwú (Ọbàntokò)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé á jọ máa lò, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé kan kí n tó náwó.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àgbà wọn ń múra JAMB, èkejì wà ní JSS2, àbíkẹ́yìn ṣì wà ní pírámárì. Ìyá wọn ń tajà, ó fẹ́ máa kọ ọjà tó wọlé àti gbèsè tó wà níta sínú Excel, torí ìwé gbèsè tó ń lò báyìí, òun nìkan ló lè kà á. Èmi ní tèmi, lẹ́tà, ìròyìn, àti bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé.

Arákùnrin kan ládùúgbò wa ló kọ àwọn ẹ̀yà yìí, ó ní òun á bá mi tò ó: pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600, mọ́dábọ́ọ̀dù B450, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB ẹyọ kan, háàdì 1TB, páwà 600W tó bá késì wá, késì onígíláàsì tó ní iná aláràbarà. Mọ́nítọ̀ wà lọ́tọ̀. Gbogbo owó tí mo yà sọ́tọ̀ ò ju ₦400,000 lọ, mọ́nítọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ó ní kí n san ìdajì sílẹ̀ kó lè lọ kó ọjà. Ṣé ìwé yìí dáa?

Ọmọ Alábàtà

Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Ryzen 5 5600 tí kò ní G lẹ́yìn ò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, kò sí graphics nínú ẹ̀. Tí ẹ bá tò ó tán tí ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, dúdú ni ẹ máa rí, àfi tí ẹ bá tún lọ ra graphics card. 5600G ló ní tirẹ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ Intel: i3-12100 ní, i3-12100F ò ní. Bóyá arákùnrin yẹn gbàgbé ni, bóyá ó fẹ́ kí ẹ padà wá ra káàdì lọ́wọ́ òun, èmi ò mọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, sà: 5600G, RAM 8GB méjì, SSD NVMe 500GB (ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí bíi ti háàdì), páwà 450W tó ní orúkọ gidi. Mo ní méjì torí pé graphics tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ kò ní RAM tirẹ̀, nínú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń mú. Tí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á máa gbà kọjá, ẹ sì máa rí i nínú gẹ́ẹ̀mù. Àwọn ọmọ á gbádùn ẹ̀.

Ọ̀gá Atúnṣe (Òkè-Ìlewó)

Ọmọ Alábàtà, o káre, òótọ́ pọ́nńbélé lo sọ lórí G yẹn. Ṣùgbọ́n gẹ́ẹ̀mù lo rò, Bàbá ò dárúkọ gẹ́ẹ̀mù.

Bàbá Ìdòwú, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó yín máa ti jò. Láti apá ìparí ọdún 2025 ni RAM ti di góòlù. Àwọn tó ń kọ́ ibùdó ńláńlá fún AI ló ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Micron, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn, tiẹ̀ kéde ní Oṣù Kejìlá 2025 pé àwọn ò ní máa ta RAM àti SSD Crucial wọn fún aráàlú mọ́, àwọn oníbàárà ńlá làwọn fẹ́ gbájú mọ́. SSD náà ń bá a gòkè. Ẹni tó bá ń to tuntun lónìí, RAM àti SSD nìkan lè gba owó tó yẹ kó jẹ́ ti mọ́nítọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá yín to tuntun pẹ̀lú ₦400,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ mi ni. Ẹ ra tòkunbọ̀ ọ́fíìsì. RAM ti wà nínú ẹ̀, SSD ti wà nínú ẹ̀, páwà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tí ilé-iṣẹ́ ńlá fọwọ́ sí. Mẹ́ta tí mo máa ń wá fún àwọn oníbàárà mi ni Dell OptiPlex 7060, HP EliteDesk 800 G4, àti Lenovo ThinkCentre M720. Ìran kan náà ni wọ́n, ọdún 2018 ni wọ́n jáde, Intel ìran kẹjọ ló wà nínú wọn.

Ẹ fọkàn sí ìran kẹjọ yẹn gan-an. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 sì ní tí pírósẹ́sọ̀ bá jẹ́ ti Intel, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Àwọn tí ẹ máa rí lówó pọ́ọ́kú lọ́jà, OptiPlex 7050, EliteDesk 800 G3, ìran kẹfà àti ìkeje ni wọ́n. Ẹni tó ń tà á á ní "Windows 11 wà lórí ẹ̀ o." Ó wà lórí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi tì í wọlé, ọjọ́ tí Microsoft bá ti ihò yẹn, ẹ̀yin lẹ máa dá nìkan wà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 ni kí ẹ máa kà: i5-8500, ìran kẹjọ. i5-6500, ìran kẹfà.

Ti háàdì 1TB tó wà nínú ìwé yẹn: háàdì tó ń yí lónìí, àwòrán àti fíìmù ni mo máa ń kó sí i. Ẹ má fi Windows sórí ẹ̀ láéláé. Páwà tó bá késì wá náà, ẹ gbé e wò, ẹ máa rí i pé ó fúyẹ́. 600W tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ara ẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe jẹ́.

Ìyá Aládìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ G, mi ò mọ F, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Bàbá Ìdòwú, ẹ má san ìdajì owó sílẹ̀ fún ohun tí ẹ ò rí. Kò sí bó ṣe lè jẹ́. Kó gbé ọjà wá síwájú yín, kó tàn án, kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ọ̀rọ̀ RAM tí Ọ̀gá sọ yẹn náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìràn mọ́ ni wọ́n. Ní oṣù tó kọjá, màúsì lásán ni mo lọ rà, ẹni náà ní "Màámi, RAM ti wọ́n." Kí ló kan màúsì nínú RAM?

Tòkunbọ̀ kékeré lèmi náà ń lò ní ṣọ́ọ̀bù fún àkọsílẹ̀ àdìrẹ tí mo gbé fún àwọn oníbàárà Èkó. Excel ò béèrè agbára kankan. Ohun tó béèrè ni pé kẹ́ ẹ ní ibòmíì tí ẹ ń da àkọsílẹ̀ yẹn kọ sí. Fláàṣì tàbí Google Drive, lálaalẹ́. Gbèsè tó bá bá kọ̀ǹpútà lọ, ẹni tó jẹ yín ò ní rán yín létí.

Oníná Oòrùn (Láfẹ́nwá)

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó bi Bàbá nípa iná. Ínfátà ni mò ń so fún aráàlú, torí náà ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò tèmi.

Ká ní ilé yín ní bátìrì kan, 12V 220Ah, bátìrì olómi. 12 ní ọ̀nà 220 jẹ́ 2,640 watt-wákàtí. Bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,320. Ínfátà fúnra rẹ̀ á mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 1,100.

Tòkunbọ̀ kékeré bíi M720q, èyí tí wọ́n ń pè ní Tiny, pírósẹ́sọ̀ tó ní T lẹ́yìn ló wà nínú ẹ̀, bíi i5-8500T. 35W ni wọ́n ṣe é fún. Òun àti mọ́nítọ̀ LED 22 inch, tó bá jẹ́ lẹ́tà àti íńtánẹ́ẹ̀tì ni, bíi 40W ni gbogbo ẹ̀. Ẹ fi fáànù 60W àti gílóòbù 9W mẹ́rin kún un, ó di 136W. Wákàtí 8 nìyẹn lórí bátìrì. Tí ẹ bá lọ to èyí tó ní graphics card, tí ọmọ sì jókòó ti gẹ́ẹ̀mù, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan lè fẹ́ 200W. Pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù kan náà, kò ní pé wákàtí 4 tí ínfátà fi máa ké.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ UPS àti ECO sí. Tó bá wà lórí ECO, nígbà tí Nẹ́pà bá gba iná, ínfátà á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á. Gílóòbù á ṣẹ́jú lásán, àmọ́ kọ̀ǹpútà á kú, á sì tún tan padà. Ẹ yí i sí UPS. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè má nílò ẹ̀rọ UPS (àpótí bátìrì kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ) rárá. Ẹni tí kò ní ínfátà ló yẹ kó ra UPS 650VA, ìyẹn sì kàn wà fún kẹ́ ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ sì pa á dáadáa ni. Kì í ṣe fún wíwo bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Alábàtà

Mo gba ti iná, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì ẹ̀ náà. Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, bí ẹ ṣe rà á ni ẹ máa bá a. Páwà Dell àti HP yẹn, okùn wọn ò bá mọ́dábọ́ọ̀dù ọjà mu. Èyí kékeré tún burú jù, RAM láàpútọ́ọ̀pù ló ń lò, graphics card gidi ò sì lè wọ inú ẹ̀. Tí mo bá to AM4 (irú ihò pírósẹ́sọ̀ tí 5600G ń lò) lónìí, mo lè pààrọ̀ ohunkóhun lọ́dún méjì òní.

Ọ̀gá Atúnṣe (Òkè-Ìlewó)

Ọ̀rọ̀ rẹ ò burú, àmọ́ gbé e wò dáadáa. AM5 tó rọ́pò rẹ̀ ti dé láti 2022, RAM DDR5 ló ń lò, DDR5 ò sì lè wọ ojú ihò DDR4 tó wà lórí AM4. Ẹni tó bá ra AM4 lónìí, ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ pin ló ti wọ ọkọ̀. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ pààrọ̀? RAM, SSD. Méjèèjì ló ṣeé pààrọ̀ nínú àwọn kékeré yìí, síkúrú kan ṣoṣo ni ẹ máa tú lẹ́yìn ẹ̀ kó tó ṣí.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ kan wà nílé tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fídíò tàbí àwòrán 3D, mo gbà fún ọ, to tuntun, kí o sì dúró dìgbà tí owó á pé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìdí-Àbà)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Èmi fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ láàpútọ́ọ̀pù, tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú? Kí n tó gbọ́ èsì, mo mọ ohun tí màá sọ fún Bàbá Ìdòwú: láàpútọ́ọ̀pù á wọ yàrá, ilẹ̀kùn á tì. Kọ̀ǹpútà tó jókòó sí pálọ̀, gbogbo ojú ló ń wò ó. Fún ọmọ JSS2 àti pírámárì, ìyẹn nìkan tó mi láti yan èyí tó dúró sójú kan.

Ti ọmọ tó ń lọ JAMB, ẹ jẹ́ kó máa lo kíbọọ̀dù gidi. Láti 2015 ni UTME ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 ni wọ́n fún wọn. Ọmọ lè ṣe gbogbo ẹ̀ láì fọwọ́ kan màúsì, lẹ́tà mẹ́jọ péré ló ń lò: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà, S láti parí, R láti yí èrò padà bó bá ti tẹ S. Mo ti rí ọmọ tó mọ fíṣíìsì dójú àmì tó ń wá N kiri lórí kíbọọ̀dù. Fóònù ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá sì ti rà á, kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ẹ kàn máa fi kún èyí tó wà níbẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ wa dẹ́kun kíkọ orúkọ ara wọn láìsí àmì.

Bàbá Ìdòwú (Ọbàntokò)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bá arákùnrin yẹn sọ̀rọ̀ pé n kò ní san ìdajì sílẹ̀ mọ́. Ó bínú díẹ̀, àmọ́ a ṣì ń kí ara wa.

Mo jáde lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ lónìí. Mo rí méjì, iye kan náà ni wọ́n pè wọ́n. Èkíní ni Lenovo M720q, i5-8500T, RAM 8GB, SSD 256GB. Èkejì ni HP EliteDesk 800 G3, i7-6700, RAM 16GB, háàdì 1TB. Ẹni tó ń tà á ní kí n gbé HP, pé i7 ju i5 lọ, 16 ju 8 lọ, 1TB ju 256 lọ. Ká sòótọ́, nọ́ńbà yẹn wọ̀ mí lójú. Ẹnìkan tún ní kí n má ra nǹkan kan ní Abẹ́òkúta, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ládérìn, kí n sọ̀ sí Agége, kí n lọ sí Ìkẹjà, pé ibẹ̀ ló ti dínwó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀gá Atúnṣe (Òkè-Ìlewó)

M720q. Ẹ má wo ẹ̀yìn.

i7-6700 jáde ní 2015, core (apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú pírósẹ́sọ̀) 4 ló ní. i5-8500T ní core 6. Orúkọ i7 tó wà níwájú yẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan tí ìran wọn ò bá dọ́gba. HP yẹn kò sí lára èyí tí Windows 11 gbà, háàdì tó ń yí á sì mú kó máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. RAM 16GB rẹ̀ nìkan ló wù mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ihò RAM méjì ló wà nínú M720q, ẹ lè fi 8GB kún un nígbà tí iye rẹ̀ bá rọ̀. 8GB á gbé Excel, ìròyìn àti JAMB. Àyè háàdì 2.5 inch tún wà nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ SSD, ibẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ máa lọ tí 256 bá kún.

Ti Ìkẹjà, ó lè dínwó lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí kò bá tàn, ta ló máa gbé e padà lọ? Ẹni tó bá fún yín ní ìwé-ẹ̀rí pé ẹ lè dá a padà láàárín oṣù kan, tó sì jẹ́ pé ẹ lè fi ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó díẹ̀ tó fi lé e kò burú.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó tàn án lójú yín. Bó bá ti ń tàn, ẹ tẹ F1 kó lè ṣí ibi ètò inú rẹ̀ (BIOS). Tó bá béèrè password, ẹ fi sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í pa. Tó bá wọlé, ẹ wò ó níbẹ̀ bóyá i5-8500T àti 8GB ló kọ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, kí Windows wọlé, kẹ́ ẹ ṣí ètò kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo kẹ́ ẹ rí ìlera SSD náà. Ẹ lọ sí Settings, sí Activation, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti ní ìwé-àṣẹ. Ẹ ṣí YouTube, ẹ fi fídíò 1080p sí i, kẹ́ ẹ máa bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Tí fáànù rẹ̀ bá ń hu, eruku ni, kó tú u fẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ojú USB rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ṣájà: 20V, 65W ló yẹ kó kọ sára ẹ̀, ẹnu rẹ̀ onígun mẹ́rin. Gbogbo M720q kọ́ ló ní Wi-Fi, nítorí náà ẹ fi fóònù yín ṣe hotspot kẹ́ ẹ sì rí i pé ó so.

Oníná Oòrùn (Láfẹ́nwá)

Kí n fi kan kún un. Tí ẹ bá bá tòkunbọ̀ ńlá pàdé tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn páwà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki i bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnì pupa tó wà lórí 115. Iná tiwa ń jẹ́ 230, tí ẹ ò bá yí i, ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣájà M720q ò ní ìṣòro yẹn, ó ń gba 100 dé 240.

Ọmọ Alábàtà

Sà, tí owó bá kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra kíbọọ̀dù olókùn dípò aláìlókùn. Ọmọ pírámárì á sọ èyí tí kò lókùn nù láàárín àga.

Ìyá Aládìrẹ (Ìtòkú)

Mo gba ti okùn yẹn. Ẹ sì ra aṣọ bo gbogbo ẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Eruku Abẹ́òkúta ò mọ tuntun yàtọ̀ sí tòkunbọ̀.

Bàbá Ìdòwú (Ọbàntokò)

Mo ti gbé M720q o! Ó yege gbogbo ìdánwò tí Ọ̀gá kọ, àfi eruku, ó sì tú u fẹ́ lójú mi. Mo rí mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan, Dell 22 inch, ó ní ojú ihò okùn àwòrán VGA àti DisplayPort lẹ́yìn, kò ní HDMI. Ẹni tó tà á ní kí n ra ohun kan tó ń yí HDMI padà sí VGA. Ṣé kí n rà á?

Ọ̀gá Atúnṣe (Òkè-Ìlewó)

Ẹ má rà á. M720q yín ní DisplayPort lẹ́yìn, mọ́nítọ̀ náà ní. Okùn DisplayPort sí DisplayPort ni kí ẹ béèrè, tààrà, àwòrán rẹ̀ á sì mọ́ ju ti VGA lọ. Ẹ wo ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ pé 1920 × 1080 ni, kì í ṣe 1680. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì ò sì ní sípíkà, nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ẹ ra sípíkà kékeré oní-USB lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ má baà padà síbẹ̀.